Kò Rí, Kò Gbà, Kò Lọ, Kò Dé: Àríwísí lórí Èdè Ojú Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé ní Adja-Ouèrè

Àkótán

Iṣẹ́ yìí ka ojú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ tí ó yẹ kí a ṣe àríwísí rẹ̀ bí a ti ń ṣe fún ìwé. Abala méjì ni mo gbé yẹ̀ wò: ètò ìsopọ̀ mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti ètò ìfi-ímeèlì-ránṣẹ́. Mo fi hàn pé èdè Faransé tí ó wà níbẹ̀ sọ gbogbo ìṣe di orúkọ. Mo tún fi hàn pé ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́rin tí àwọn ará Adja-Ouèrè ń lò lójoojúmọ́ ń tọ́ka sí ibi tí àìṣedéédéé wà ju bí ojú ẹ̀rọ ti ń ṣe lọ. Àbá mi ni pé kí ìṣẹ̀dá èdè-ìperí fún kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ láti inú gbólóhùn, kì í ṣe láti inú àtòjọ ọ̀rọ̀-orúkọ.

Kókó ọ̀rọ̀: èdè-ìperí, ìsọdorúkọ, ọ̀rọ̀-ìṣe, akọtọ́, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, Nàgó

1. Ìfáàrà

Adja-Ouèrè wà ní ẹkùn Plateau, ní gúúsù ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, kò sì jìnnà sí Pobè àti Sakété. Lára àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni Ikpinlè, Massè, Kpoulou àti Oko-Akarè. Nàgó àti Ọ̀họ̀rí wà lára èdè tí a ń sọ nílé, lọ́jà àti lóko níbẹ̀. Faransé ni èdè ilé-ìwé, òun sì ni èdè ọ́fíìsì ìjọba.

Láàárín ilé àti ọ́fíìsì yìí ni ṣọ́ọ̀bù tí a ń pè ní secrétariat wà. Níbẹ̀ ni a ti ń tẹ̀wé, tí a ti ń ṣe ẹ̀dà, tí a sì ti ń fi àwòrán ìwé ránṣẹ́ nípasẹ̀ ímeèlì. Ẹ̀rọ ńlá kan ṣoṣo ló sábà máa ń ṣe gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí. Ẹni tí ó ń wá iṣẹ́ ní Cotonou, ẹni tí ó fẹ́ fi ìwé-ẹ̀rí ìbí ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́, olórí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tí ó fẹ́ fi ìwé sílẹ̀ kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé, ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ náà ni gbogbo wọn ń lọ. Bí ètò inú rẹ̀ bá dàrú, iṣẹ́ gbogbo wọn dúró títí ẹni tí ó gbọ́ èdè ojú ẹ̀rọ yóò fi dé.

Èdè yẹn ni mo fẹ́ ṣe àríwísí rẹ̀. Nígbà tí mo ń kó èdè jọ fún iṣẹ́ ìwádìí mi ní Ikpinlè, mo jókòó ti irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, mo ka gbogbo abala ètò rẹ̀, mo sì ń gbọ́ bí onísọ́ọ̀bù, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ àti oníbàárà ṣe ń sọ ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe. Èdè púpọ̀ wà lórí àtòjọ tí ẹ̀rọ náà fi lọni. Yorùbá kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àìsí Yorùbá nìkan kọ́ ni ẹjọ́ mi. Bí a bá túmọ̀ ojú ẹ̀rọ náà sí Yorùbá lọ́nà tí a fi túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kò ní jèrè púpọ̀.

2. Àtòjọ tí kò ní gbólóhùn

Bí a bá ṣí abala nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ohun tí a ó rí ni ìwọ̀nyí: Adresse IP, Masque de sous-réseau, Passerelle par défaut, Serveur DNS. Bí a bá kọjá sí abala ímeèlì, a ó rí Serveur SMTP, Port, Authentification, Expéditeur. Àlàfo wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sì gbọ́dọ̀ kọ nǹkan sí i.

Kò sí gbólóhùn kan níbẹ̀. Olùwà kò sí, àbọ̀ kò sí, ọ̀rọ̀-ìṣe kò sí. Ẹni tí ó bá ń kà á kò lè mọ ẹni tí ń ṣe kí ni fún ta ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìbéèrè lásán ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń béèrè pé: níbo ni ẹ̀rọ yìí ń gbé? Àwọn wo ni wọ́n jọ wà nínú agbolé kan náà? Ibo ni yóò gbà jáde sí ìta? Ta ni yóò bá a sọ orúkọ di nọ́ńbà? Ti ímeèlì ń béèrè pé: ilé ìfìwéránṣẹ́ wo ni kí ó gbé e lọ? Ẹnu ọ̀nà wo ni kí ó kàn? Báwo ni yóò ṣe fi hàn pé òun kì í ṣe àjèjì? Orúkọ ta ni kí ó kọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ránṣẹ́?

Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí ó fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹfà lè dáhùn ìbéèrè mẹ́jọ yìí bí a bá bi í bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò lè dáhùn ni Authentification. Kì í ṣe pé ìmọ̀ náà ga jù fún un. Ìsọdorúkọ ló bò ó mọ́lẹ̀.

3. Àfiwé tí ó yí padà lójú ọ̀nà

A máa ń bá ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ lò bí ẹni pé àṣẹ ni. Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni púpọ̀ nínú wọn, àfiwé náà sì ti yí padà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì pè ní gateway, ìyẹn ẹnubodè, ni Faransé pè ní passerelle, ìyẹn afárá ẹlẹ́sẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ibi tí a ń gbà wọlé tí a sì ń gbà jáde, ìkejì jẹ́ ohun tí a fi ń rékọjá odò. Iṣẹ́ kan náà ni ẹ̀rọ ń ṣe fún àwọn méjèèjì. Bákan náà ni port. Ọmọ tí ó kọ́ Faransé yóò kọ́kọ́ ronú kan èbúté tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí, bí ti Cotonou. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní lọ́kàn sún mọ́ ẹnu ọ̀nà tí a fi nọ́ńbà sí lára. Bí àwa náà bá ń túmọ̀ láti inú Faransé lọ́rọ̀-kọ́-ọ̀rọ̀, a ó ní afárá níbi tí bodè wà, a ó sì ní èbúté níbi tí kò sí omi.

Masque ló ṣini lọ́nà jù. Ẹni tí ó bá túmọ̀ rẹ̀ sí ìbòjú yóò rò pé ó ń fi nǹkan pamọ́. Ẹ wo ohun tí ó ń ṣe. Bí àdírẹ́sì ẹ̀rọ bá jẹ́ 192.168.1.20, tí masque sì jẹ́ 255.255.255.0, ohun tí masque ń sọ ni pé nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ ni orúkọ agbolé, èyí tí ó kẹ́yìn sì ni nọ́ńbà yàrá. Ẹ̀rọ tí ó ní 192.168.1.35 jẹ́ ará ilé kan náà. A lè bá a sọ̀rọ̀ láìjáde. Èyí tí ó ní 192.168.7.35 kì í ṣe ará ilé. A gbọ́dọ̀ gba ẹnubodè kọjá kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ààlà ni masque ń pa.

Kò sí ọmọ Nàgó tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ní ìyàtọ̀ láàárín agbolé àti yàrá. Kódà, ohun kan tí ó máa ń rú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà lójú yóò tètè yé e. Nọ́ńbà 192.168.1.1 lè wà ní Ikpinlè, kí ó tún wà ní Cotonou àti ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ kan náà, nítorí pé láti ọdún 1996 ni ìlànà RFC 1918 ti ya irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìlò abẹ́lé. Ó dà bí ìgbà tí a bá sọ pé "yàrá ìyá àgbà". Ilé gbogbo ló ní tirẹ̀. Ẹni tí ó wà nínú ilé ló mọ èyí tí à ń wí.

4. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́rin

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí à ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tí wọ́n dúró ti ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ àyálò láti inú Faransé pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-orúkọ ni púpọ̀ jù nínú wọn. Ìṣe fúnra rẹ̀, Yorùbá ni wọ́n fi ń sọ ọ́:

(1) Kò rí i.
(2) Kò gbà.
(3) Kò lọ.
(4) Kò dé.

Àròjinlẹ̀ lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ni kókó iṣẹ́ mi, nítorí pé àìṣedéédéé mẹ́rin tí ó yàtọ̀ síra ni wọ́n ń sọ.

Nínú (1), olùwà ni kọ̀ǹpútà, àbọ̀ sì ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Tàbí kí olùwà jẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kí àbọ̀ sì jẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Àdírẹ́sì ló ní àṣìṣe. Bí a bá fi ètò pínpín àdírẹ́sì sí ọwọ́ DHCP, ẹ̀rọ lè gba yàrá mìíràn lẹ́yìn tí iná bá lọ tí ó sì dé, kọ̀ǹpútà yóò sì máa kan ilẹ̀kùn yàrá àtijọ́. Ìwòsàn rẹ̀ ni kí a fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní àdírẹ́sì tí kì í yí padà.

Nínú (2), olùwà ti yí padà: ilé ìfìwéránṣẹ́ ni kò gbà. Ẹ̀rọ ti rí i, ó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò gbà á wọlé. Ọ̀rọ̀ aṣínà ló ní àṣìṣe, èsì tí ilé ìfìwéránṣẹ́ sì sábà máa ń fọ̀ ni nọ́ńbà 535. Irú èyí ṣẹlẹ̀ káàkiri ayé lẹ́yìn ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 2022, nígbà tí Google kò gba orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà lásán mọ́ lọ́wọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún àkáǹtì àdáni. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ aṣínà ṣe é gbọ́dọ̀ tan ìdánimọ̀ onípele méjì, kí ó sì gba ọ̀rọ̀ aṣínà mìíràn tí ó ní lẹ́tà 16 fún ẹ̀rọ náà nìkan. Ẹni tí ó gbọ́ pé "kò gbà" yóò lọ wo ọ̀rọ̀ aṣínà. Ẹni tí ó rí Échec de l'envoi lójú ẹ̀rọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í tú wáyà.

Nínú (3) àti (4), ìwé tí à ń fi ránṣẹ́ ni olùwà. Ìyàtọ̀ wọn wà nínú ibi tí olùsọ̀rọ̀ fi ojú sí: *lọ* fi ojú sí ibi tí a ti gbéra, *dé* fi ojú sí ibi tí à ń lọ. Kò sí ohun tí ó burú nínú gbólóhùn yìí: "Ó ti lọ, ṣùgbọ́n kò tíì dé." Bí kò bá lọ, ọ̀dọ̀ wa ni àìsàn wà: íntánẹ́ẹ̀tì kò sí, ẹnubodè kò tọ̀nà, tàbí ẹnu ọ̀nà tí a kàn ti ti pa. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ẹnu ọ̀nà 25 pa nítorí àwọn afọ́nká-lẹ́tà. 587 tàbí 465 ni à ń lò báyìí láti fi lẹ́tà lé ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ́wọ́. Bí ó bá lọ tí kò dé, ọ̀dọ̀ ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí ni kí a wá a sí: àdírẹ́sì rẹ̀ ní àṣìṣe, tàbí lẹ́tà ti bọ́ sínú àpótí pàǹtírí.

Ojú ẹ̀rọ kò mọ ìyàtọ̀ yìí. Ohun tí ó burú jù ni pé nígbà tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ "kò dé", Envoi réussi ni ẹ̀rọ ń kọ. Kò purọ́ ní ti òfin rẹ̀: ilé ìfìwéránṣẹ́ ti gba lẹ́tà lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó sanwó tí ó sì rí "réussi" yóò padà sílé pẹ̀lú ìdánilójú pé ìwé ọmọ òun ti dé Cotonou. Bí àdírẹ́sì bá ní àṣìṣe, ìwé ìfitónilétí pé lẹ́tà kò rí ẹni gbà á yóò padà sọ́dọ̀ Expéditeur, ìyẹn àpótí ímeèlì tí wọ́n kọ sínú ètò ẹ̀rọ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé. Bí ẹni tí ó ṣe ètò náà bá kọ àpótí tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí, ìròyìn náà kú síbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n dá yóò pé, ìwé kò ní sí níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò mọ ìdí. Bí a bá ti túmọ̀ Expéditeur sí "Ta ni kí wọ́n dá a padà sí bí kò bá dé?", onísọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ ni ì bá dáhùn.

5. Ohun tí ẹ̀rọ ń sọ lábẹ́lẹ̀

Ẹnì kan lè sọ pé ọ̀rọ̀-orúkọ ni ìmọ̀ ẹ̀rọ fẹ́, pé bí ìmọ̀ náà ti rí nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Jon Postel gbé ìlànà SMTP jáde gẹ́gẹ́ bí RFC 821 ní oṣù kẹjọ ọdún 1982, ìfọ̀rọ̀wérọ̀ sì ni. Onílé a kọ́kọ́ fọ̀ pé òun wà: 220. Àlejò a kí i, a sì dárúkọ ara rẹ̀: HELO, tí ó di EHLO lẹ́yìn náà. Ó wá sọ ẹni tí ó rán an, MAIL FROM, àti ẹni tí a rán an sí, RCPT TO. Ó jẹ́ iṣẹ́, ó dágbére: QUIT. Èsì tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2 ni "mo gbà". Èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4 ni "ẹ padà wá tó bá yá". Èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5 ni "ẹ má padà wá báyìí".

Ẹni tí ó ti kan ilẹ̀kùn rí tí ó sọ pé "Àgò onílé o" mọ ìlànà yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé níbi tiwa àlejò ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ojú ẹ̀rọ ló sọ ìkíni, ìdárúkọ àti ìjíṣẹ́ di Serveur, Authentification àti Expéditeur. Nítorí náà, bí mo bá ń bèèrè fún gbólóhùn, ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe gan-an ni mo ní kí ó sọ.

6. Aṣínà tàbí aṣìnà

A kò lè sọ̀rọ̀ nípa èdè ojú ẹ̀rọ kí a má dé ibi bọ́tìnnì ìkọ̀wé rẹ̀. Láti ọdún 1975 ni orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ti ní álífábẹ́ẹ̀tì kan fún àwọn èdè abínibí rẹ̀, wọ́n sì tún un ṣe ní 1990 àti 2008. Nínú rẹ̀ a ń kọ ɛ, ɔ, kp àti sh níbi tí àwọn ará Nàìjíríà ti ń kọ ẹ, ọ, p àti ṣ, bí èmi náà ti ń ṣe nínú iṣẹ́ yìí. Lórí ẹ̀rọ tí mo lò, é àti ç wà, ṣùgbọ́n kò sí ɛ, kò sí ẹ. Àmì ohùn kò tilẹ̀ sí rárá.

Wọ́n máa ń sọ pé ímeèlì ni kò gbà á. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Orúkọ tí ẹ̀rọ ń jẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò gbọdọ̀ kọjá a dé z, nọ́ńbà àti àmì ìdàpọ̀. Kódà Adja-Ouèrè yóò pàdánù àmì orí è rẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti 1996 ni RFC 2047 ti fi àyè gba lẹ́tà èdè gbogbo nínú orúkọ olùránṣẹ́ àti àkọlé lẹ́tà, RFC 6531 sì ti fi àyè gbà á nínú àdírẹ́sì fúnra rẹ̀ láti 2012. Bọ́tìnnì ojú ẹ̀rọ ni kò tíì dé ibẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan tó láti fi ìpalára rẹ̀ hàn. Méjì nínú orúkọ tí à ń pe mot de passe ni *ọ̀rọ̀ ìpamọ́* àti *ọ̀rọ̀ aṣínà*. Mo fara mọ́ èkejì. *Ìpamọ́* sọ ohun tí ènìyàn ń ṣe sí ọ̀rọ̀ náà. *Aṣínà* sọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe: ó ń ṣí ọ̀nà. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- sọ ọ́ di òṣèré, ọ̀rọ̀-ìṣe sì ṣì hàn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ yọ àmì ohùn kúrò, kí ẹ kọ *asina*. Ẹni tí ó kà á lè rí *aṣínà*, ó sì lè rí *aṣìnà*, ẹni tí ó ṣi ọ̀nà. Ojú ẹ̀rọ tí kò lè gbé àmì ohùn kò lè sọ fún wa bóyá à ń wọlé ni tàbí a ti sọnù.

7. Àtakò mẹ́ta

Àkọ́kọ́: bí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ bá kọ́ ọ ní Yorùbá, báwo ni yóò ṣe rí ìrànlọ́wọ́ kà, nígbà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé ìtọ́sọ́nà? Èsì mi ni pé kí a fi méjèèjì síbẹ̀. Nọ́ńbà bí 535 àti 587 kò ní èdè. Ó yẹ kí wọ́n hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbólóhùn Yorùbá.

Èkejì: ojú ẹ̀rọ kéré, gbólóhùn sì gùn. Passerelle par défaut gba àyè 21, bẹ́ẹ̀ náà ni Masque de sous-réseau. *Ẹnubodè* gba 7, *ààlà agbolé* gba 11. "Kò gbà" kúrú ju Échec de l'authentification lọ.

Ẹ̀kẹta ló wúwo jù: Yorùbá ti ta ni? Mo ka iṣẹ́ ńlá tí àwọn aṣáájú wa ṣe lórí èdè-ìperí sí gidigidi, pàápàá ìwé *Yoruba Metalanguage* tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀ ní 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú apá kejì ní 1990. Àwa tí à ń kọ ìwé lórí gírámà kò lè ṣe é láìsí wọn. Ṣùgbọ́n olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ṣe é fún, àwọn tí wọ́n ní àsìkò láti kọ́ ọ̀rọ̀-orúkọ tuntun. Ṣọ́ọ̀bù kò ní àsìkò yẹn. Ọ̀rọ̀-orúkọ gan-an sì ni ibi tí a ti ń yapa sí ara wa lẹ́bàá ẹnubodè: ìhín ń yá a láti inú Faransé, ọ̀hún ń yá a láti inú Gẹ̀ẹ́sì. *Rí*, *gbà*, *lọ* àti *dé* kò ṣàjèjì sí ìhà méjèèjì.

8. Àgbálọgbábọ̀

Ètò ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í ṣe ohun kékeré. Ẹni tí ó mọ ọ́n ló mọ ibi tí ìwé ìlú ń gbà lọ, àpótí tí ẹ̀dà rẹ̀ ń bọ́ sí, àti ọ̀rọ̀ tí ń ṣí ọ̀nà náà. Ní báyìí, ẹni tí ilé-ìwé Faransé bá fi dé ibì kan nìkan ló lè mọ̀ ọ́n, onísọ́ọ̀bù tí ó fi owó ara rẹ̀ ra ẹ̀rọ kò sì lè bi í léèrè.

Microsoft ti gbé ojú Windows 7 jáde ní Yorùbá rí, nítorí náà iṣẹ́ náà ṣeé ṣe. Ohun tí mo ń bẹ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa fún ni pé kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kó èdè-ìperí kọ̀ǹpútà jọ máa dán an wò lọ́nà kan: kí a gbé ẹ̀rọ tí ètò rẹ̀ ti dàrú síwájú ọmọ ìkọ́ṣẹ́, kí a fún un ní ọ̀rọ̀ tí a ṣẹ̀dá, kí a sì wò ó bóyá ó lè sọ èyí tí ó ṣẹlẹ̀ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: kò rí, kò gbà, kò lọ, àbí kò dé. Bí kò bá lè sọ ọ́, kí a padà lọ tún ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀dá.